Ta Ló Ni Owó Tó Sọnù Sínú Ilẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí: ẹnì kan á mú ọ̀pá gígùn dání nínú ọgbà ìgbafẹ́, ohun pẹlẹbẹ roboto kan á wà ní ìdí ọ̀pá náà, á ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí koríko, á máa ju ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì. Owó àtijọ́ ló ń wá. Ẹ̀rọ ìwárin ni mo máa pe ohun tó mú lọ́wọ́. Èmi náà ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n bí a ṣe ń rí owó ni mo fẹ́ kó gba àkókò wa jù, bí kò ṣe ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀: owó tó ti wọ inú ilẹ̀ lọ, ta ló ni ín? Kí sì ni gbèsè tó wà lọ́rùn ẹni tó bá hú u jáde?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fletcher gbé ẹ̀rọ ìwárin rẹ̀ lọ sí Farnham Park, ní agbègbè Surrey. Ọgbà ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn ni, káńsù Waverley ló sì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ dún, Fletcher gbẹ́ ilẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 9, ó sì bá ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kan níbẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ fi ń so aṣọ mọ́ra. Kò fi pamọ́. Ó mú un lọ bá àwọn aláṣẹ. Adájọ́ tí wọ́n ń pè ní coroner yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó ní kì í ṣe ìṣúra tó tọ́ sí ọba gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, wọ́n sì dá a padà fún ẹni tó rí i. Ibẹ̀ ni káńsù ti dìde pé àwọn làwọn ni ilẹ̀, àwọn làwọn sì ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá Fletcher láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 1995.

Ohun tí wọ́n wò ni pé, bí nǹkan bá wà lójú ilẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá rí i he, ẹni náà lè ní ẹ̀tọ́ sí i bí olówó rẹ̀ kò bá yọjú. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ inú ilẹ̀ ti di ara ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Wọ́n tún wò ó pé ìgbafẹ́ ni wọ́n fi ọgbà náà sílẹ̀ fún: kéèyàn rìn, kó ṣeré, kó jókòó. Gbígbẹ́ ilẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ìgbà tí Fletcher ki ohun èlò bọlẹ̀ ló ti kọjá ààlà ohun tí wọ́n gbà á láàyè láti ṣe níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìdájọ́ yìí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú. Wọ́n á ní ọkùnrin náà ló ru òòrùn, òun ló tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló sì ṣòótọ́. Káńsù kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa ti béèrè ìbéèrè kan ṣáájú ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ẹni tó sọ ohun ọ̀ṣọ́ yẹn nù ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ta ló wá dúró nípò rẹ̀? Lójú tèmi, gbogbo ará ìlú tó ń tẹ ilẹ̀ náà ni. Ọgbà ìgbafẹ́ kì í ṣe oko ẹnì kan. Bí ìyá arúgbó tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣe ni ín ni ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sáré lórí koríko ṣe ni ín, àwa tí a wá láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ohun tó bá jáde nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti àpò ẹnì kan ṣoṣo.

Kí ló tilẹ̀ gbé owó dé inú ilẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́? Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ nù. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó á yọ́ jáde ní àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọdé tó ń yí gbirigbiri láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, kọ́bọ̀ tí wọ́n fún un láti fi ra súìtì á já bọ́. Wọ́n ń ṣe ọjà òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe eré, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń ta ọtí. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kàn rìn káàkiri. Á wo ibi tí igi ńlá àtijọ́ wà, nítorí abẹ́ ibòji làwọn èèyàn ń jókòó sí. Á wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, á wo ibi tí àwọn onífèrè ń dúró sí nígbà kan, á sì lọ wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ní ilé ìkàwé kó tó gbé ẹ̀rọ jáde rárá.

Ẹ wo ọgbà méjì tó sún mọ́ ara wọn dáadáa ní gúúsù London, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbẹ́ ibẹ̀ o. Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe. Pápá Peckham Rye ti wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ àdúgbò fún ìlò gbogbo ènìyàn láti 1868, wọ́n sì ṣí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1894. Koríko lọ̀pọ̀ ibẹ̀ láti ìgbà yẹn. Burgess Park ní tirẹ̀ kì í ṣe pápá rárá látilẹ̀wá. Òpópónà ni, ilé lórí ilé, iléeṣẹ́, àti odò àtọwọ́dá tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, tí wọ́n ń pè ní Grand Surrey Canal. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà jẹ́. Ètò tí wọ́n ṣe ní 1943 ló ní kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà. Wọ́n ń wó ilé díẹ̀díẹ̀, wọ́n dí odò náà pa, wọ́n sì fi orúkọ Jessie Burgess, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú Camberwell, sọ ọgbà náà ní 1973. Afárá kan ṣì wà níbẹ̀ títí di òní tí kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Ní Peckham Rye, ohun tí àwọn tó wá ṣeré sọ nù ló wà nínú ilẹ̀. Ní Burgess Park, bíríkì, ìṣó, páìpù àti ìpìlẹ̀ ilé àwọn èèyàn ni koríko bò. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí á rí owó kan náà ní ibi méjèèjì, kò sì ní mọ̀ pé ìtàn wọn kò jọra.

Ẹ ó béèrè pé báwo ni owó tó já bọ́ sórí koríko ṣe ń dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìwúwo rẹ̀ ló ń rì í. Ekòló ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Charles Darwin, onímọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà, gbé ní Down House, ní ibi tó ti wà lábẹ́ Bromley ní London báyìí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ekòló nínú ọgbà rẹ̀. Ìwé tó gbé jáde lórí rẹ̀ ní 1881, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, sọ pé ekòló ń jẹ ilẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń yà á sójú ilẹ̀, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lókè ń lọ sísàlẹ̀. Ó ṣírò pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ekòló ń gbé ju tọ́ọ̀nù 10 erùpẹ̀ lọ sókè lórí éékà kan ṣoṣo lọ́dún kan. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹ̀dá tí a ń fi dẹ ẹja ló ń bá wa tọ́jú ìtàn ìlú.

Ọdún 1881 yẹn kan náà ni wọ́n gbìyànjú láti fi irú ẹ̀rọ ìwárin yìí gba ẹ̀mí là. Wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 2 oṣù keje. Ọta wà lára rẹ̀, àwọn dókítà kò mọ ibi tó wọlé sí. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá tó lè gbọ́ irin lára èèyàn. Kò rí ọta náà. Wọ́n ní àwọn irin inú bẹ́ẹ̀dì tí ààrẹ sùn lé wà lára ohun tó da ẹ̀rọ náà láàmú. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Poland kan tó ń jẹ́ Józef Kosacki ṣe èyí tí ọmọ ogun lè gbé lọ́wọ́ láti fi wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀, wọ́n sì lò ó ní El Alamein ní 1942. Lẹ́yìn ogun ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Iná ń gba inú wáyà tí wọ́n ká sínú ohun pẹlẹbẹ ìdí ọ̀pá kọjá, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń rán agbára òòfà wọ ilẹ̀. Bí agbára náà bá kan bàbà, idẹ tàbí fàdákà, iná kékeré á dìde nínú ohun náà fúnra rẹ̀, á sì rán agbára tirẹ̀ padà sókè. Ẹ̀rọ á gbọ́ ìdáhùn yẹn. Fàdákà máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ kì í jọ ti ìṣó tàbí ti bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì. Ohùn á yàtọ̀, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ fún ni pé ọba wo ló wà lórí owó. Ìdérí agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń fi ìka fà yọ máa ń dún bí òrùka wúrà. Ìdọ̀tí ni a ń hú jù lọ, kí n má purọ́ fún yín, ẹni tó bá sì níwà á kó gbogbo rẹ̀ lọ dà sínú apẹ ìdọ̀tí.

Àwọn owó náà ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nílé títí náírà fi wọlé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Nítorí náà, tọ́rọ́ àti sísì tí à ń hú jáde ní ọgbà London kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe títí di 1919 jẹ́ fàdákà ojúlówó, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1920 wọ́n sọ ọ́ di ìdajì. Láti 1947 kò sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́. Ní 1920, fàdákà ti wọ́n jù; ní 1947, ìjọba fẹ́ san fàdákà tó yá lọ́wọ́ Amẹ́ríkà nígbà ogun padà. Ẹni tó bá hú ṣílè 1919 àti ti 1921 jáde mú ìtàn ìyípadà yẹn dání, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Lára kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 1912, 1918 àti 1919, ẹ lè rí lẹ́tà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún, H tàbí KN. Iléeṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ni H, Kings Norton tó wà ní ìlú kan náà ló ni KN. Ilé owó ọba kò lè dá ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún wọn. Àwọn iléeṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe owó tí wọ́n kó wá fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: kọ́bọ̀ onihò, eépìnnì onihò, àti onínní tó kéré jù, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Lẹ́tà H àti KN wà lára tiwa náà. Iléeṣẹ́ kan náà ló lè ti ṣe kọ́bọ̀ tó sọnù lábẹ́ igi ní Peckham àti kọ́bọ̀ tí ìyá bàbá wa fi okùn so pọ̀ ní ọjà Dùgbẹ̀. Ṣílè àti sísì fàdákà tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Ní 1920 wọ́n yọ fàdákà kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ní ọdún tí wọ́n fi ìdajì fàdákà sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wa. Owó kékeré ni, àmọ́ kò sí ìwé ìtàn tó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù lọ nìyí. Owó tí a hú jáde tí a kò mọ ibi tó sùn, bí ọmọ tí wọ́n rí lójú pópó tí kò lè sọ ilé baba rẹ̀ ló rí. Ó wà láàyè, ó dára lójú, ṣùgbọ́n a ò mọ ta ló ni ín. Ibi tí owó sùn sí ló ń sọ ìtàn rẹ̀: bó ṣe jìn tó, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú ilẹ̀ tó bò ó. Ìṣẹ́jú kan péré la fi ń ba gbogbo èyí jẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ti Farnham, àgbẹ̀ kan ní Hoxne, ní Suffolk, sọ òòlù rẹ̀ nù sí oko. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes bá òun fi ẹ̀rọ ìwárin wá a. Lawes bá owó fàdákà àti wúrà àwọn ará Róòmù. Ó kó díẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti ju agbára òun lọ, ó dáwọ́ dúró, ó sì pe àwọn aláṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì rọra wa ìyókù. Owó tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 15,000. Ṣùgbọ́n nítorí pé Lawes kò hú gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n rí ju owó lọ: wọ́n rí ipa àpótí onígi ńlá tó ti jẹrà, àwọn àpótí kéékèèké inú rẹ̀, àgádágodo, ṣíbí fàdákà, ohun tí wọ́n fi ń bu ata sí oúnjẹ, àti ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà tí wọ́n kọ orúkọ obìnrin kan sí, Juliana. A mọ bí wọ́n ṣe to ẹrù náà. A mọ̀ pé ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ fara balẹ̀, ó ní i lọ́kàn láti padà wá, láyé ìgbà tí agbára Róòmù ń kúrò ní erékùṣù yìí. Wọ́n fún Lawes ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn kan àti ẹgbẹ̀rún 750, ó sì pín in pẹ̀lú àgbẹ̀ náà. Òòlù náà? Wọ́n rí i. British Museum ló wà báyìí pẹ̀lú ìyókù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Frome, ní Somerset, lọ́dún 2010, ẹlẹ́rọ ìwárin kan bá ìkòkò kan tí owó 52,503 wà nínú rẹ̀. Òun náà dáwọ́ dúró, ó pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Wọ́n kó owó náà jáde ní ìpele-ìpele, wọ́n sì rí i pé àwọn tó jẹ́ tuntun nínú wọn wà nísàlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe kólò tí ẹnì kan ń ju owó sí lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹbọ ni. Ká ní wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ta ni ì bá ronú dé ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú. Ní 2015, àwọn ọkùnrin méjì rí ìṣúra lẹ́bàá Leominster, ní Herefordshire. Wọn kò sọ fún onílẹ̀, wọn kò sọ fún ìjọba. Àwọn aláṣẹ gbà pé owó tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 300. Àwọn ọkùnrin náà tà á lábẹ́lẹ̀, díẹ̀ péré sì ni ọlọ́pàá rí gbà padà. Ohun tó wà lára owó náà ló ń dùn mí. Ọba ńlá méjì ló jókòó pọ̀ lórí àwọn kan nínú rẹ̀; orúkọ Alfred ọba Wessex wà lára díẹ̀, ti Ceolwulf ọba Mercia wà lára díẹ̀. Ìwé ìtàn tí àwọn ará Wessex kọ fojú kékeré wo Ceolwulf, ó sọ ọ́ di ẹrú àwọn Viking. Owó yìí ń sọ nǹkan mìíràn: àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ rí, àwọn ará Wessex tó kọ ìtàn ló sì bu ẹnì kejì kù. Nínú ọdún 2015 yẹn kan náà, ẹlẹ́rọ mìíràn rí irú owó bẹ́ẹ̀ ní Watlington, ní Oxfordshire. Òun kéde rẹ̀. Wọ́n gé erùpẹ̀ tó yí i ká pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbé e lódindi, wọ́n sì ṣí i ní yàrá àyẹ̀wò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford ló rà á, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó. Ti Leominster ti fọ́n ká. Ní 2019, ilé ẹjọ́ Worcester rán àwọn méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n, ọdún 10 fún ọ̀kan, ọdún 8 àtààbọ̀ fún èkejì, kí wọ́n tó wá dín in kù lẹ́yìn náà. Ẹ̀wọ̀n kò dá owó padà sí ibi tó sùn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwa ọmọ Yorùbá lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1938, àwọn èèyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wá wò lónìí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ilé ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ya àwòrán bí àwọn orí náà ṣe wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn kúrò. Ọ̀kan dé British Museum lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Méjì dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá wọn padà ní 1950. Títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n fi àwọn orí náà ṣe: ṣé ìsìnkú ni, ṣé adé ni wọ́n fi ń dé wọn lórí, ṣé ojúbọ ni? Ilẹ̀ ti mọ ìdáhùn rí. Ẹ fi wé ilẹ̀ Ọbàlárá, ní Ifẹ̀ kan náà, tí Peter Garlake wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó wọn ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, ó yà á sínú ìwé, a sì lè sọ bí wọ́n ṣe to àwọn ère àti ìkòkò sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ronú láti gbé ẹ̀rọ ìwárin lọ sílé, kó jáwọ́. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí Nàìjíríà sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wa ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ṣe é níhìn-ín, kí ló máa ṣe? Ìwé ló máa kọ́kọ́ kọ sí onílẹ̀. Nínú àwọn ọgbà ọba bíi Hyde Park àti Greenwich Park, wọn kò gbà á láàyè. Etí odò Thames, ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ èbúté London ni. Ibi tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìtàn, òfin 1979 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn lo ẹ̀rọ níbẹ̀ láìgbàṣẹ, yálà ó gbẹ́lẹ̀ tàbí kò gbẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ káńsù á sọ pé rárá. Kò yẹ kí ìyẹn bí yín nínú. Oko àgbẹ̀ wà ní Kent àti Essex, bí ẹ bá sì fọ̀wọ̀ béèrè, tí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí bí ẹ ó ṣe pín ohun tí ẹ bá rí, àwọn kan á gbà.

Ọ̀nà tí a ń gbà gbẹ́lẹ̀ wà pẹ̀lú. A kì í fi ṣọ́bìrì ńlá gbẹ́ koríko. A máa ń fi ọ̀bẹ ìgbẹ́lẹ̀ kékeré gé e ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, a ó ṣí i bí ojú ìwé, a ó da erùpẹ̀ sórí aṣọ, a ó mú ohun tí a rí, a ó da erùpẹ̀ padà, a ó bò ó, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọjá lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ mọ̀ pé a dé ibẹ̀. Bí ó bá jọ bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ pe 999. Ogun tó wó àwọn ilé Burgess Park fi nǹkan sílẹ̀ káàkiri London. Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ọṣẹ họ owó tí ẹ bá rí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ owó dáadáa tí wọ́n fọ̀ títí ojú ọba fi pa rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kíkọ sílẹ̀. Òfin ìṣúra tó jáde ní 1996, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, sọ pé ẹni tó bá rí owó wúrà tàbí fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi kan náà, tí wọ́n ti lé ní 300 ọdún, gbọ́dọ̀ sọ fún coroner láàárín ọjọ́ 14. Kọ́bọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1997 yẹn kan náà ni wọ́n dá ètò mìíràn sílẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn: Portable Antiquities Scheme. Òṣìṣẹ́ wọn wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, á wo ohun tí ẹ rí lọ́fẹ̀ẹ́, á kọ ibi tí ó ti jáde sílẹ̀, á sì dá a padà fún yín. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ báyìí ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn èèyàn lásán tó ń rìn lóko lópin ọ̀sẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe fún ìtàn, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Wọ́n fọkàn tán ará ìlú, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì dáhùn.

Mo kó owó díẹ̀ wá, wọ́n wà lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn. Àwọn kan jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ oko tó ti jáde àti bó ṣe jìn tó. Àwọn onihò náà wà níbẹ̀, ìyẹn jẹ́ ti bàbá mi. Àwọn ọmọdé lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ bá rántí ohun tí onínní kan ń rà lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó gba ìbéèrè.